Mẹkáníìkì ní kí n gé kátálíìsì ọkọ̀ mi sọnù: ṣé lóòótọ́ ni pé òun ló ń dí ẹ́ńjìnnì?

Olùkọ́-Iléṣà béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tókunbọ̀ kan ni mo ń wà, onísílíńdà mẹ́rin, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007, mo sì ti lò ó fún ọdún mẹ́ta láìsí wàhálà kan tó ṣe gúnmọ́. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni iná ẹ́ńjìnnì ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí kò sì kú mọ́. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ọkọ̀ náà ń sáré bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè lọ sí Adó-Èkìtì, ṣe ló máa ń wúwo bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì. Bí mo bá tẹná sí i, ariwo á pọ̀ sí i, agbára kò ní tẹ̀lé e.

Mẹkáníìkì mi sikáànù bíréènì-bọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà tó sì kà fún mi ni P0420. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kátálíìsì, agolo tó wà lójú ọ̀nà páìpù èéfín, ti kú, pé òun gan-an ló sì sé èéfín mọ́ ẹ́ńjìnnì nínú. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a gé e kúrò, kí wẹ́dà fi páìpù gbọọrọ dí àlàfo rẹ̀, kí a sì ta èyí tí a gé fún àwọn tó máa ń ra kátálíìsì àlòkù kiri, nítorí pé owó tí wọ́n bá san yóò tó owó iṣẹ́, yóò sì tún ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Ó ní ọkọ̀ náà yóò wá lágbára ju bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo rà á lọ.

Awakọ̀ kan ládùúgbò wa tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ní kí n má dán an wò. Ó ní ẹ́ńjìnnì nílò kí èéfín máa tì í padà díẹ̀, àti pé bí páìpù bá là gbàragada, agbára rẹ̀ yóò dínkù. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ta kora wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí mo lè já nírọ́ nínú wọn. Mo bẹ̀ yín, iṣẹ́ wo gan-an ni kátálíìsì ń ṣe, kí ni P0420 sì ń sọ?

Písítìnì-Mẹ́rin fèsì pé:

Olùkọ́, ẹ kú ìfaradà. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú agolo tí wọ́n fẹ́ gé yẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irin lásán ni. Amọ̀ sísun bí i tánganran ló wà níbẹ̀, tí ihò wẹ́wẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá láti orí dé ìdí bí afárá oyin; lójú ibi tó gùn ní ínǹṣì kan tó sì fẹ̀ ní ínǹṣì kan, ihò náà sábà máa ń tó irínwó. Ara ògiri àwọn ihò wọ̀nyí ni wọ́n lẹ platinum, palladium àti rhodium mọ́, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé gbogbo èyí tó wà nínú agolo kan kì í ju gíráàmù mélòó kan lọ. Bí èéfín gbígbóná bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá, kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì tó jẹ́ májèlé yóò di kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, epo tí kò jóná tán nínú sílíńdà yóò jó tán níbẹ̀, àwọn gáàsì náítírójìn tó máa ń ta ènìyàn nímú yóò sì padà di náítírójìn lásán, irú èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí.

Kí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, epo àti afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu: afẹ́fẹ́ kílò 14.7 sí epo pẹtiróòlù kílò 1. Bí epo bá pọ̀ jù, ọ́síjìn kò ní tó láti jó kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, gáàsì náítírójìn kò ní tú. Ìdí nìyí tí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn fi wà níwájú kátálíìsì, tó ń tọ́ èéfín wò nígbà gbogbo, tó sì ń sọ fún bíréènì-bọ́ọ̀sì bóyá kí ó bu epo kún un tàbí kí ó dín in kù. Sẹ́ńsọ̀ kejì wà lẹ́yìn, òun ló ń ṣọ́ kátálíìsì fúnra rẹ̀. Bí ara kátálíìsì bá dá, ó máa ń tọ́jú ọ́síjìn pamọ́ sára, iná mànàmáná tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn ń gbé jáde yóò sì dúró jẹ́ẹ́ ní bí i fóòtì 0.6 tàbí 0.7. Bí kò bá lè tọ́jú ọ́síjìn mọ́, ti ẹ̀yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò láàárín 0.1 àti 0.9. Ohun tí P0420 ń sọ kò ju èyí lọ. Kò sọ pé ihò dí. Kátálíìsì lè kú kí ihò rẹ̀ sì là gbayawu, kí èéfín máa gbà á kọjá bí ẹni tó ń gba ìta ọjà.

Ẹ má sì rò pé ohun tí wọ́n kàn fi há ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni. Eugene Houdry, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti ṣe irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ṣùgbọ́n òjé tí wọ́n ń pò mọ́ epo nígbà náà máa ń bo platinum mọ́lẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á sì parí síbẹ̀. Epo ni wọ́n ní láti tún ṣe kí agolo yìí tó lè wọ ọkọ̀, èyí tó ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà ní 1975. Ní ọdún kan náà, Honda gbé Civic CVCC wọ ọjà ibẹ̀ láìní kátálíìsì, ó sì tẹ́ òfin lọ́rùn: wọ́n ṣe yàrá kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ pulọ́ọ̀gì, àdàlú tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbiná níbẹ̀, iná náà yóò sì wọ inú sílíńdà lọ jó èyí tí epo rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọpọlọ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin lórí gáàsì náítírójìn le sí i, kátálíìsì ni gbogbo wọn padà sá bá.

Ní ti pé kí èéfín máa ti ẹ́ńjìnnì padà, awakọ̀ àdúgbò yín rí nǹkan kan, orúkọ tó pè é ni kò tọ́. Nígbà tí fáàfù èéfín bá ṣí, èéfín kì í ṣàn jáde bí omi ẹ̀rọ. Ṣe ló máa ń bú jáde lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni tó ń húkọ́. Èyí tó bú jáde á sáré lọ nínú páìpù, bó bá sì dé ibi tí páìpù ti fẹ̀ tàbí ibi tó parí sí, ìgbì mìíràn yóò ti ibẹ̀ padà wá, èyí tó ń fà dípò kó máa tì. Bí ìgbì yìí bá bá fáàfù èéfín níbi tí kò tíì pa dé tán, tí fáàfù afẹ́fẹ́ sì ti ń ṣí, yóò fa èéfín tó ṣẹ́kù jáde, yóò sì ran afẹ́fẹ́ tuntun lọ́wọ́ láti wọlé. Èyí ló fà á tí àwọn tó ń ṣe páìpù ọkọ̀ eré ìje fi máa ń wọn gígùn rẹ̀ bí aṣọ, tí wọ́n sì máa ń so sílíńdà 1 pọ̀ mọ́ 4, àti 2 pọ̀ mọ́ 3, nínú ẹ́ńjìnnì tó ń gbiná ní 1-3-4-2, kí èéfín ọ̀kan má baà pàdé ti èkejì lẹ́nu ọ̀nà. Bí wẹ́dà bá wá fi páìpù tó fẹ̀ jù síbẹ̀, èéfín á máa wọ́ rìn, ìgbì náà á rẹ̀wẹ̀sì, agbára á sì dínkù nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì yí púpọ̀, ìyẹn ní ibi tí ọkọ̀ ti nílò rẹ̀ láti gun òkè. Eré èéfín ló lọ. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ kí ohunkóhun tì í padà.

Mo fura pé orí alùpùpù tí a máa ń po ọ́yìlì mọ́ epo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí pé nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ìtìpadà wúlò: àdàlú epo tuntun máa ń sá wọ páìpù èéfín, ìgbì tó ń padà bọ̀ ló sì ń tì í wọ inú sílíńdà kí písítìnì tó dí ẹnu ọ̀nà. Walter Kaaden ti iléeṣẹ́ MZ ní Ìlà-Oòrùn Jámánì ló sọ èyí di iṣẹ́ ọnà, tó fi jẹ́ pé ní 1961, ẹ́ńjìnnì cc 125 rẹ̀ gbé agbára ẹṣin 25 jáde. Ní ọdún náà ni Ernst Degner tó ń gun alùpùpù fún wọn sá kúrò nílùú, ó gbé ìmọ̀ náà lọ fún Suzuki, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti ẹ́ńjìnnì cc 50 fún wọn ní 1962. Ìrísí páìpù nìyẹn o. Àmọ́ ọkọ̀ tiyín kì í ṣe ti eré ìje, bí kátálíìsì rẹ̀ kò bá dí, gígé e kò lè fún yín ní agbára kankan tí ẹ máa mọ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n.

Bàbá-Wákìṣọ́ọ̀bù fèsì pé:

Mo kí ẹ̀yin méjèèjì. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Abẹ́òkúta, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Ọ̀rọ̀ Písítìnì-Mẹ́rin, ẹnjiníà wa, dára, ṣùgbọ́n kí a má sọ mẹkáníìkì Olùkọ́ di òpùrọ́ tán. Kátálíìsì máa ń dí lóòótọ́. Bí pulọ́ọ̀gì, tàbí kọ́ìlì tó ń fún un ní iná, bá ń mísì, ìyẹn ni pé kò ta iná bó ṣe yẹ, epo tútù ló ń lọ jóná nínú rẹ̀, ooru náà á pọ̀ débi pé amọ̀ yẹn á yọ́ bí ṣúgà, á sì di gbàgìdì kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mu ọ́yìlì, eérú ọ́yìlì ló máa bo ara rẹ̀. Èyí tó tún burú ni ti àwọn ọkọ̀ tí kátálíìsì wọn lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì gan-an: wọ́n gbé e súnmọ́ ibẹ̀ kí ó lè tètè gbóná, torí pé kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa títí ooru rẹ̀ yóò fi dé bí ìwọ̀n Celsius 250 sí 300, ṣùgbọ́n bí amọ̀ rẹ̀ bá fọ́, ẹ́ńjìnnì lè fa ekuru rẹ̀ padà sínú sílíńdà, kí ó sì ha á bí ìgbà tí ènìyàn fi iyanrìn fọ ìkòkò. Irú èyí gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ojú lásán mọ èyí tó dí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti tutù, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ gbá agolo náà. Bí ó bá ń ró bí ẹ̀pà nínú páànù, amọ̀ inú rẹ̀ ti fọ́. Lẹ́yìn náà, kí mẹkáníìkì fi sípánà 22 tú sẹ́ńsọ̀ iwájú, kí ó ti géèjì tó ń wọn agbára èéfín bọ ojú ihò rẹ̀, kí ó sì tan ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ju psi 1.25 lọ láìtẹná (psi ni òṣùwọ̀n agbára tí èéfín fi ń tì), tàbí tó ju psi 3 lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìdíwọ́ wà lọ́nà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé irin gígé wọ abẹ́ ọkọ̀ yín.

Bí èéfín kò bá dí, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti páìpù ni kí ẹ wò tẹ̀lé e. Ẹ tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí irin ṣì tutù, kí ẹnìkan fi àkísà nínípọn dí ẹnu sàláńsà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ̀yin sì tẹ́tí sílẹ̀ níwájú. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti jó, ẹ óò gbọ́ “fíì, fíì”, ẹ óò sì rí àmì dúdú èéfín lára irin. Àwọn kan máa ń rò pé èéfín nìkan ló lè jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì tí ẹnjiníà sọ yẹn máa ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé pẹ̀lú láàárín ìbújáde kan sí èkejì. Afẹ́fẹ́ yìí ni sẹ́ńsọ̀ á rí, á wá parọ́ fún bíréènì-bọ́ọ̀sì pé epo kò tó, ìyẹn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í da epo sí i. Ọkọ̀ á máa jẹ epo, kátálíìsì á máa gbóná kọjá ààlà, ẹ ó sì máa bú mọ́ ọn.

Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n gé kátálíìsì rẹ̀, tí wẹ́dà kò sì jó páìpù náà dáadáa, tó fi sán lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Orí fífọ́ ni ẹni tó ni ọkọ̀ náà ń kó bọ̀ láti inú gòsúló lójoojúmọ́ nígbà tó bá ti gíláàsì, ó rò pé ibà ni. Kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì kò ní òórùn.

Ọmọ-Ọ̀ṣun-ní-Manchester fèsì pé:

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ohun tí mo rí kà nínú ọ̀rọ̀ Olùkọ́ ni pé ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ọkọ̀ náà ló tún mọ ẹni tó máa ra ohun tí wọ́n bá gé. Ní ìhín, rhodium inú rẹ̀ ti sọ ọ́ di ohun tí olè ń wá kiri. Wọn á gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀ lóru, kí ènìyàn tó tan iná yàrá, wọ́n ti lọ. Àwọn ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ bátìrì ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì wọn kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́, ohun iyebíye inú kátálíìsì wọn kò sì tíì gbó púpọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti pé ọdún mẹ́ta ní England, ọdọọdún ló gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT, èyí tí òfin fi ń wò bóyá ọkọ̀ ṣì dára fún ojú ọ̀nà, bí kátálíìsì tí wọ́n ṣe mọ́ ọn kò bá sì sí níbẹ̀ mọ́, kò lè yege. Mo fi owó tó pọ̀ ra òmíràn lẹ́yìn tí wọ́n jí tèmi, nítorí náà ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gé tirẹ̀.

Bàbá-Wákìṣọ́ọ̀bù fèsì pé:

Àbúrò, mo gbọ́ ẹ, ṣùgbọ́n má fi gbogbo wa sínú àpò kan. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń gé e nítorí pé wọn kò ní géèjì, àti pé oníbàárà kò fẹ́ san owó àyẹ̀wò. Ohun tó bá rí ló fẹ́ san owó lé lórí. Àwọn tó ń fi gígé rẹ̀ ṣòwò wà lóòótọ́, n kò ní purọ́ fún ẹ.

Olùkọ́-Iléṣà fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo wá mẹkáníìkì mìíràn tó ní géèjì lọ sí Òṣogbo, a sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti sọ. Psi 0.5 ló kà láìtẹná, kò sì kọjá 1.5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní 2,500, nítorí náà kò dí rárá. Nígbà tó tún ọkọ̀ sikáànù, ó fi hàn mí pé nọ́ńbà kejì wà lábẹ́ P0420 tí ẹnikẹ́ni kò kà fún mi, ìyẹn P0303, tó túmọ̀ sí pé sílíńdà kẹta ló ń mísì. Ó yọ kọ́ìlì rẹ̀, ara rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti là fínnífínní, tí iná ti ń jábọ́ gba ibẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì páìpù náà ti jó lápá kan. Mo gbọ́ “fíì” náà fúnra mi. A pààrọ̀ méjèèjì.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo gun òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀, n kò sì gbọ́ ariwo kankan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà tí a ti pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù, P0420 padà wá, òun nìkan. Ṣé mo ṣì lè máa wà á bẹ́ẹ̀?

Písítìnì-Mẹ́rin fèsì pé:

Ẹ lè máa wà á. Epo tí sílíńdà kẹta ń dà sínú rẹ̀ fún oṣù méjì ti jó lára kátálíìsì náà, tí kò fi lè tọ́jú ọ́síjìn bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà èéfín ṣí sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé iná náà yóò máa tàn, bí nọ́ńbà mìíràn bá sì dé, ẹ kò ní mọ̀ àyàfi tí ẹ bá ń sikáànù rẹ̀ déédéé.

Bàbá-Wákìṣọ́ọ̀bù fèsì pé:

Bí owó bá yọjú, ẹ wá àlòkù tí wọ́n tú lára irú ọkọ̀ yín gan-an ní Ládípọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu rẹ̀ kan, kí ẹ wo ẹnu kejì: ó gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ láti inú gbogbo ihò, bákan náà. Ẹ mì í létí kí ẹ tó sanwó. Àwọn tuntun olówó pọ́ọ́kú kan wà lọ́jà tí ohun iyebíye tí wọ́n lẹ mọ́ inú wọn kò tó nǹkan, kì í pẹ́ tí P0420 fi máa ń padà sórí wọn. Kí ẹ sì ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà.